Oníbúrẹ́dì Tó Fi Èènì Sí Gbèsè

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o, ìyá àgbà!

Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, ó fo ẹ̀yìn Ìjàpá kọjá, torí Ìjàpá ń sinmi lónìí. Kò balẹ̀ síbòmíràn àfi ẹnu ọ̀nà obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì.

Búrẹ́dì obìnrin yìí, tó bá ti yọ ọ́ nínú ààrò, ẹni tó ti yó á ní ebi ń pa òun. Ọwọ́ rẹ̀ ò sì há. Bí o bá ra odidi kan, á fi kékeré lé e fún ọ, á ní, "Èènì nìyẹn o, kí ọ̀fun rẹ lè mọ̀ pé mo kí i."

Iléèwé ńlá kan ní òun ni kó máa ṣe búrẹ́dì fún àwọn ọmọ àwọn. Inú rẹ̀ dùn, ó gba ààrò tuntun láwìn, ó gba fúláwà láwìn. Kò pẹ́, iléèwé náà kó lọ síbòmíràn. Búrẹ́dì kún ilẹ̀, kò sẹ́ni tó rà á. Oníààrò dé, onífúláwà dé, onílé náà dé. Bí ọ̀kan bá ń jáde, èkejì ń wọlé. Ó di pé bí ewúrẹ́ bá fara ha ilẹ̀kùn, oníbúrẹ́dì á sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ló fà á lọ sí ọ́fíìsì tó máa ń bá ajigbèsè àti olówó ṣe àdéhùn. Wọ́n bá a bẹ àwọn olówó, wọ́n dín gbèsè náà kù, wọ́n pín ìyókù sí ọdún mẹ́ta. Oṣooṣù ni kó máa mú owó wá, ọ́fíìsì á sì pín in. Ṣùgbọ́n títí dìgbà tí wọ́n bá fún un ní ìwé ìdásílẹ̀, kò gbọdọ̀ gba nǹkan láwìn, kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù.

Bí ọ̀gá ṣe di ọmọṣẹ́ nìyẹn. Ó lọ ń po fúláwà nínú békìrì obìnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Ojú tì í títí, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í san gbèsè. Ó ń pò ó, ó ń san án.

Ọjọ́ tó san èyí tó kẹ́yìn, ńṣe ló jó wọlé. Wọ́n ní kó lọ máa retí ìwé rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, ṣọ́ọ̀bù kan wà ní ìkóríta wọn, ó ṣófo, ààrò ti wà nínú rẹ̀. Oníbúrẹ́dì lọ bá bàbá tó ni ín.

Bàbá ní, "Màá fi í dè ọ́ di ìparí oṣù. Onítáyà kan ń yọ mí lẹ́nu lórí ẹ̀. Mú ìwé ìdásílẹ̀ wá, kí o gba kọ́kọ́rọ́. Bí o ò bá mú un wá, má bínú o, ọmọ mi. Táyà náà ń pa owó."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ṣé kí n fi orúkọ tèmi gbà á fún ọ ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ mi ni wọ́n pè ní ajigbèsè. Orúkọ mi náà ni mo fẹ́ kọ."

"Ó dáa. Ọpẹ́ ni, torí omi gan-an ń jóná lọ́wọ́ mi."

Ó wá ń retí. Bí alùpùpù bá ti dún níta, á sáré jáde, ìyẹ̀fun á dé ìgúnpá rẹ̀.

"Ọkọ wo lò ń retí yìí?"

"Ìwé ni mò ń retí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọkọ ìbá ti dé!"

Ìwé ò dé. Oṣù ń parí lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wé gèlè. "Ìwé ò lẹ́sẹ̀. Àwa la lẹ́sẹ̀. Dìde ká lọ."

"Bí wọ́n bá wá rántí nǹkan míì tí mo jẹ ńkọ́?"

"Ẹni tó bá ń bẹ̀rù àtiwọlé, ìta ni òjò máa bá a."

Wọ́n dé ọ́fíìsì. Fáìlì ga dé ojú fèrèsé, fáànù ń yí láìfẹ́ atẹ́gùn kankan. Akọ̀wé jẹ́ ọmọge kan tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Ó ṣí fáìlì, ó fajú ro.

"Mà, fáìlì yín ò tíì ṣeé pa dé."

Oníbúrẹ́dì di tábìlì mú. "Ṣé mo ṣì jẹ ni?"

"Ẹ ò jẹ nǹkan kan. Ẹ̀yin gan-an lẹ san lásanjù. Owó kan wà níbí tó lé lórí àdéhùn, a ò mọ ẹni tó ni ín. Mo ti bi báńkì, mo ti bi gbogbo ọ́fíìsì. A pè yín títí, fóònù yín ò wọlé."

"Inú fúláwà ló kú sí, ọmọ mi. Owó yẹn? Háà! Èènì ni."

"Èènì kí ni?"

"Èènì náà ni. Àwọn olówó yẹn fara dà á fún mi lọ́dún mẹ́ta. Ṣé kí n wá san án géérégé bí ẹni tó ń bínú?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí awò ojú fi bọ́. "Ẹ wá gbọ́ o! Owó tá a ti ń wá olówó ẹ̀, èènì ni!"

Ẹnì kan dáhùn láti ìdí tábìlì kejì, "Ẹ ní kí wọ́n fi díẹ̀ sí owó oṣù tèmi!"

Akọ̀wé nu ojú. "Mà, ìwé wa ò mọ èènì. Tó bá dín, wàhálà. Tó bá lé, wàhálà. Ẹ gbà á padà, ẹ fọwọ́ sí i, kí ọ̀gá lè lu òǹtẹ̀."

Oníbúrẹ́dì fà sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ lọ́jà ti kìlọ̀ fún un láti kékeré pé èènì tó bá ti kúrò lọ́wọ́ kì í padà. Ẹni tó bá gba èènì rẹ̀ padà, ọjà rẹ̀ bà jẹ́.

"N ò lè gbà á, ọmọ mi. Ẹ fi ra nǹkan mu."

"Mà! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n pòṣé. "Ìwọ obìnrin yìí! Àṣejù, baba àṣetẹ́! O jẹ gbèsè, ọ̀ràn. O san gbèsè, ọ̀ràn!"

Táyà ni oníbúrẹ́dì ń rí lọ́kàn rẹ̀, táyà dúdú lórí táyà dúdú, tí wọ́n tò ó bo ẹnu ààrò. Ó na ọwọ́ sí owó tí akọ̀wé kó sórí tábìlì. Kí ó tó kan owó, ẹ̀gbọ́n ti já a gbà, ó ti sọ ọ́ sínú báàgì ara rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ lo gbà á. Èmi ni. Èmi ò lọ́jà tí yóò bà jẹ́."

Akọ̀wé ní, "Ẹni yòówù kó gbé e, mà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé gbé fáìlì wọ yàrá ọ̀gá, ilẹ̀kùn pa dé. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ọ: gbì!

Akọ̀wé jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé fún un. "Ẹ kú oríire, mà. Ẹ ti bọ́."

Oníbúrẹ́dì ti rò pé òun á kígbe. Èémí lásán ló jáde, èémí gígùn bí ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lórí òkè.

Wọ́n bá onítáyà nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ń fi okùn wọn ògiri. Bàbá onílé gba ìwé, ó nà án jìnnà sójú, ó kà á délẹ̀.

"Ó pé. Onítáyà, ká okùn rẹ, ọmọ mi. Ẹni tó ni ín ti dé."

Oníbúrẹ́dì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ojú ìwé. Ó gba kọ́kọ́rọ́. Ó lọ tààrà sí ìdí ààrò, ó ti orí àti èjìká bọ inú rẹ̀, ó ń yẹ ibi tí èéfín ń gbà. Níbẹ̀ ló ti bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń ró bí ìgbà tí èèyàn mẹ́wàá ń rín in.

"Jáde níbẹ̀ jàre," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "kí aráyé má baà sọ pé èmi ni mo fẹ́ yan ọ́!"

Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí, tí mo padà wá bá yín. Ó tó. Ìwọ tó sùn lé mi lẹ́sẹ̀, jí, n ò ní gbé ọ. Ẹ dìde, ẹ tẹ́ ẹní. Ẹni tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ lálẹ́ yìí, òun ni yóò fọ abọ́ láàárọ̀. Ó dàárọ̀ o.