Ìdajì Wákàtí Lẹ́yìn Iná

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé iṣẹ́ ìjórin wá sílé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù gidi tẹ́lẹ̀ níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí ní Tamale, níbi tí ariwo òòlù kì í ti í bí ẹnikẹ́ni nínú. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí bàbá mi kú, ìyá mi yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣòwò ní Kumasi sì ní òun ń bọ̀ wá gbé wọn lọ. Ìyá fárígá. Wọ́n ní Sakasaka, àdúgbò wa ní Tamale, làwọn bí gbogbo wa sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ọkọ àwọn sí, ibẹ̀ náà sì làwọn ti mọ ẹni tí àwọn lè bá jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí ni pé bí ẹnì kan bá lè máa wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, kí Ìyá jókòó sí Tamale wọn. Ìyàwó mi ń ṣe tíṣà ní Changli, àwọn ọmọ wa sì ń bá a lọ síléèwé. Èmi ló kù. Mo kó irin mi wá sínú ibùdó tí bàbá mi máa ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Ìyá, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbà, àmọ́ ó fi gbólóhùn kan dè é: ọjọ́ tí iná bá kan ilé yìí, ọjọ́ náà lòun máa wá mú Ìyá. Mo fi gbogbo ẹnu ṣèlérí. Inú tilẹ̀ bí mi díẹ̀. Ta ló ń kọ́ wẹ́dà ní ọ̀rọ̀ iná?

Ẹ má dá mi lóhùn, bí inú ṣe ń tètè bí mi nìyẹn, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi. Mo sì ń ṣọ́ra o. Korobá iyanrìn méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà mi, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé epo alùpùpù kọjá níwájú mi. Bí aládùúgbò kan bá dúró wo iná ìjórin láìbo ojú, ariwo tí màá pa mọ́ ọn á ju ti ẹ̀rọ lọ.

Ohun kan ṣoṣo tó ń bá mi fa wàhálà ni èèpo ẹ̀pà Ìyá. Kulikúlì ni Ìyá ń ṣe, bí àwọn obìnrin ìdílé wọn ti ń ṣe é láti Ìlọrin wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n ṣe púpọ̀ mọ́. Èèpo ẹ̀pà náà ni wọ́n fi ń dáná, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni da ẹ̀kúnwọ́ kan nù. Àpò mẹ́ta mẹ́rin máa ń wà lẹ́bàá ògiri ibi iṣẹ́ mi. Láràárọ̀ ni mo ń wọ́ wọn jáde, nírọ̀lẹ́ ni Ìyá ń ní kí àwọn ọmọ wọ́ wọn padà.

"Ìyá, èèpo yìí ò gbọdọ̀ máa wà níbí."

"Haba! Ó ti wà níbẹ̀ kóo tó dé. Ìwọ lo wá bá a, alágbẹ̀dẹ."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, mò ń jó irin ojú fèrèsé fún ọkùnrin kan ní Dungu. Ó ti ní lẹ́yìn ìrun lòun máa gbé yẹ̀lò-yẹ̀lò, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, wá kó o. Ẹ̀yìn ń dùn mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò bá wọ́ àwọn àpò èèpo jáde. Mo ki àpò òfìfo kan bọ omi, mo fún un, mo dà á bò wọ́n. Nígbà òjò, irú àpò bẹ́ẹ̀ á tutù di alẹ́. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ìlú wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ tóo bá sá kóo tó jẹun á ti gbẹ kóo tó ṣan ọwọ́. Mi ò rántí wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀kejì.

Bí mo ṣe jó oríkèé tó kẹ́yìn tán ni ládàánì pe ìrun. Ládùúgbò wa, bí wọ́n bá ti pe ìrun Jímọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ṣì ń rìn yípo ọjà rẹ̀, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tí kò fọkàn tán Ọlọ́run. Mo mọ̀ dáadáa pé ẹ̀ta iná lè wọnú ohun gbígbẹ kó sì farapamọ́ síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí kó tó yọjú. Àìmọye èèyàn ni mo ti sọ ọ́ fún. Síbẹ̀, mo paná ẹ̀rọ, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí èéfín. Mo wọ jàlàbíà mi, ó di mọ́sáláṣí. Wáàsí gùn lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mọ́ mi.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, aládùúgbò wa obìnrin, ọmọ Dagomba tó ń ṣe òrí lẹ́yìn ilé wa, sáré pàdé mi, ara ẹ̀ tutù rinrin.

"Gobara!" ló ń pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pe ìjàǹbá iná, lédè Háúsá. "Gobara nílé yín! Àmọ́ a ti pa á, wallahi, a ti pa á!"

Mi ò gbọ́ èyí tó sọ gbẹ̀yìn. Mo ti ń sáré. Bàtà mi kan jábọ́, mi ò padà mú un. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju orúnkún Ìyá lọ: wọn ò lè sáré.

Mo bá wọn lórí àga oníke níwájú ibi iṣẹ́ mi, búta àlùwàlá lọ́wọ́, ìró wọn tutù dé ìbàdí. Lẹ́yìn wọn, ògiri ti dúdú dé òkè, àwọn àpò èèpo ti di ẹrẹ̀ dúdú, èéfín díẹ̀ ṣì ń rú. Ìyá ló gbóòórùn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Búta ni wọ́n kọ́kọ́ dà sí i. Nígbà tí kò tó, wọ́n figbe ta, aládùúgbò wa sì gbé ọpọ́n omi tó fi ń fọ òrí rẹ̀ wá, lẹ́yìn náà ló da korobá iyanrìn mi méjèèjì lé e.

"Ìyá, ẹ fara pa?"

"Ọlọ́run á gba ìrun ẹ. Èmi ò tíì kí tèmi. Omi àlùwàlá mi ni mo fi pa iná ẹ." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n rí ẹsẹ̀ mi kan láìwọ bàtà. "Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Ìwọ fi iná sórí òrùlé, o lọ kírun."

Aládùúgbò wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tì mí. Ẹ̀rù bà mí ju ìtìjú lọ, nítorí mo ti rántí Kumasi.

Mo ronú àtikun ògiri kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Ìyá rí i lójú mi.

"Má purọ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Pè é."

Mo pè é. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè." Ọjọ́ méjì ni mi ò fọwọ́ kan irin. Mo ń bínú sí ọyẹ́, mo ń bínú sí èèpo ẹ̀pà, mo ń bínú sí ọkùnrin Dungu tí kò ṣẹ̀ mí. Nígbà tí kò sẹ́ni tó kù mọ́, ó kan èmi fúnra mi.

Ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú báàgì ńlá òfìfo. Ó wo ògiri, ó mi orí. Ìyá gbé kulikúlì síwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká di ẹrù yín."

"To, ó dáa. Ta ló pa iná náà?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ká ní mo ti wà ní Kumasi ńkọ́? Ta ni ì bá pa á?"

Ẹ̀gbọ́n mi mú kulikúlì kan, ó gé e jẹ. Ó yíjú sí mi, ó bi mí ní ohun tí mo máa ṣe. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bi mí léèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi tí mi ò gbaná jẹ. Mo ní èèpo ẹ̀pà á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo ní mi ò ní jó irin mọ́ bí ìrun Jímọ̀ bá ti ń sún mọ́, mo sì ní lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́, ẹnì kan á jókòó ṣọ́ ibi iṣẹ́ fún ìdajì wákàtí kó tó kúrò níbẹ̀.

"Èmi ni màá jókòó," Ìyá ní. "Mo ní tẹ̀sùbáà, mo ní àga."

"Pẹ̀lú orúnkún yín?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí òun náà jókòó tì yín." Kulikúlì ló kún inú báàgì tó gbé padà sí Kumasi.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara mi ò balẹ̀ rárá. Mò ń wo aago, mò ń ka iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ìyá ń ka tẹ̀sùbáà wọn. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé bàbá mi kì í jẹ kulikúlì, pé odidi ọdún kan ló fi ń wá rà á lọ́wọ́ àwọn lójoojúmọ́, tó ń kó o fún àwọn ọmọ àdúgbò, nítorí kò mọ bó ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni ogójì ọdún ó lé ni mí, mi ò gbọ́ ọ rí. Ó dùn mí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà nílé nítorí Ìyá, bí mo ṣe ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì jókòó tì wọ́n fún ìdajì wákàtí rí. Ariwo irin nìkan ni mò ń pa sí wọn létí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná ìjọba lọ láti àárọ̀. Mo dùbúlẹ̀ nínú ilé, mi ò jó ohunkóhun. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àga. Mo jáde. Ìyá ti to àga méjì sí iwájú ibi iṣẹ́, wọ́n ti jókòó sórí ọ̀kan.

"Ìyá, a ò ṣiṣẹ́ lónìí. Irin tutù."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Jókòó."