Àwọn Ọkọ Màmá Mi Nínú Kíláàsì

Màmá mi lọ́kọ púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tíì bú mi. Ẹni tó bá mọ agboolé wa ní Ilọfa mọ ohun tí mò ń sọ. Láti Osi ni wọ́n ti gbé e wá fún bàbá mi, ó sì ti ń ṣe tíṣà kó tó dé. Gbogbo ọmọ tó ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ẹni tí ikun ṣì ń yọ nímú rẹ̀. Ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Ó ní láti wá orúkọ mìíràn tó dùn fún wọn, kó sì máa fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó mọ orúkọ náà í wá, ibi tó ti dùn mí nìyẹn. Ó pe ọ̀kan ní Ìbàdíàrán, ó pe òmíràn ní Adúmáadán. Èyí tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Àbúrò bàbá mi tó kéré jù lọ ṣì ń rákòrò lọ́jọ́ tí ìyàwó dé. Wọ́n ní ó rá dé ibi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi eyín méjì péré tó ní rẹ́rìn-ín sí i, ìyàwó sì ní, "Ẹ kú ilé o, Eyínfúnjowó." Eyín méjì. Èmi àkọ́bí rẹ̀ dé láìpẹ́ sígbà náà pẹ̀lú ariwo àti ẹkún, orúkọ tí àlùfáà sì pè sí mi létí ni mò ń jẹ́ títí dòní.

Ilé ìwé ni owú náà ti gbóná. Màmá ló ń kọ́ kíláàsì wa, èmi àti Eyínfúnjowó sì jọ wà níbẹ̀, torí pé ó ti fìdí rẹmi rí. Mi ò ní sọ iye ìgbà. Tí màmá bá ń pe rẹ́jísítà láàárọ̀, á máa ju orúkọ wa sílẹ̀ bí ẹni ń da èèpo ẹ̀pà nù. Tó bá kan ọkọ rẹ̀, ohùn á rọ̀. "Eyínfúnjowó, ẹ ti dé?" Ọ̀gbẹ́ni á dáhùn bí olórí ilé. Lẹ́yìn náà ni yóò kàn mí: orúkọ lásán, kò níyọ̀, kò lépo.

Alábẹ̀wò ilé ìwé kan wá láti Ìlọrin lọ́jọ́ kan, ó gba rẹ́jísítà, ó ní kí tíṣà pe orúkọ láìwo ìwé kí òun máa fojú bá a lọ. Ó wá Eyínfúnjowó títí, kò rí i. Ó béèrè pé ta nìyẹn. Màmá mi tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ọkọ mi ni, sà."

Ọkọ náà wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń ge èékánná jẹ. Alábẹ̀wò wò ó, ó wo tíṣà, ó rọra pa rẹ́jísítà dé.

Ẹgba pàápàá kò dọ́gba. Màmá á ní kí Eyínfúnjowó má bínú, kí wọ́n dákun tẹ́wọ́ fún òun, kó tó fi pàṣán bà á. Èmi: "Tẹ́wọ́." Pàṣán kan náà ni o. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó nà, ṣé òun àti ẹni tí wọ́n kàn nà jọra?

Mo dàgbà, mo bímọ, owú náà kò kúrò. Àwọn ìyàwó àbúrò mi dé, wọ́n sọ mí ní Awẹ́lẹ́wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ẹnu wọn kọ́ ni mò ń retí rẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá wálé láti Ìbàdàn, mo máa ń bẹ màmá pé kó fún mi ní orúkọ kan, kékeré báyìí, èyí tó bá ṣẹ́ kù lára tàwọn ọkọ rẹ̀. Á rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ tí mo bí ni kí n máa bẹ̀rù orúkọ rẹ̀? Gbé ike omi yẹn wá jàre."

Ó lọ lọ́dún tó kọjá, ó ti gbó, ó ti tó. Lọ́jọ́ fídáù, àwọn tó kọ́ níwèé wá láti Eruku àti Koro, àwọn tó wà nílùú ńlá náà sì wálé. Lẹ́yìn àdúrà, àwọn ọkọ rẹ̀ tó kù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi orúkọ tó sọ wọ́n yangàn. Èmi jókòó sẹ́yìn, mo ń jowú àwọn arúgbó.

Eyínfúnjowó wá jókòó tì mí. Eyín iwájú rẹ̀ ti lọ, mo sì ti múra ẹ̀fẹ̀ tí mo máa fi pàdé rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ó pẹ́ tí mo ti ń jowú rẹ."

Ó ní òun ló jókòó ti màmá nígbà àìsàn, kí n tó dé. Òun bẹ̀ ẹ́ pé kó pe òun lórúkọ àbísọ òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó máa gbọ́. Màmá ní èèwọ̀, kí Eyínfúnjowó má dán òun wò. Ṣùgbọ́n tó bá ti sùn lọ, orúkọ mi ló máa ń pè, ketekete, bí ìgbà tó ń pe rẹ́jísítà.

"Àwa ló ń bọ̀wọ̀ fún. Ìwọ ló ń pè."

Ẹ̀fẹ̀ mi sá lọ. Ó bojú wẹ̀yìn, ó sì bẹ̀ mí pé kí n pe òun bí màmá ṣe máa ń pe òun, torí pé ohùn wa jọra. Mo tẹ orúnkún díẹ̀.

"Eyínfúnjowó, ẹ ti dé?"

Ó dáhùn kíákíá bí ọmọ kíláàsì, omi sì kún ojú rẹ̀. Mo dúró pé kí òun náà pe tèmi bí màmá ṣe ń pè é. Kò tilẹ̀ rántí pé mo wà níbẹ̀. Ìyá mi ló rí lójú mi, ìyá mi ló tẹjú mọ́. Èmi tí mo ni ojú náà kò lè rí ìyá mi nínú rẹ̀.