Abọ́ Omi Lórí Kárìà

"Má wo omi! Ọ̀nà ni kí o wò, ọ̀nà!"

Ohùn ọ̀gá mi ń lé mi bọ̀ látẹ̀yìn bí mo ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ojú irin. Abọ́ tánńganran funfun kan wà lórí kárìà lẹ́yìn mi, a fi rọ́bà túùbù dè é mọ́lẹ̀, omi inú rẹ̀ kọjá ìdajì. Mo ń gbọ́ omi náà bó ṣe ń lu ara abọ́, pọ́kọ́, pọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ta mí lójú. Mo dé ibi òkúta tí wọ́n kùn ní funfun létí ojú irin, mo tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ dúró. Mo bọ́ sílẹ̀, mo wo ẹ̀yìn. Omi dé etí abọ́, ó sì padà sínú. Ẹ̀kán kan kò dà.

Mo gbé ọwọ́ sókè kí ó lè rí i láti abẹ́ igi dóńgóyárò rẹ̀ lókè. Kò pàtẹ́wọ́. Kì í pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi ọwọ́ pè mí pé kí n máa ti kẹ̀kẹ́ bọ̀.

Mo rántí orúkọ gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi yẹn. Kàsálì, ọmọ iṣẹ́ àgbà. Ráfíù tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Súńdè tó ń fi gíríìsì pa irun. Lásísì oníwẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Kódà mo rántí orúkọ ewúrẹ́ Lásísì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ni abẹ́ igi náà, n kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Baba ni gbogbo wa ń pè é, Baba náà ni mo máa pè é. Inú ló ń bí mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, ẹ má sì ní kí n ṣe sùúrù. Àwọn tó ń ní kí n ṣe sùúrù ti kú tán.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ni pé lọ́la, ọjọ́ Sátidé, Mútíátù ọmọ ọmọ mi fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi. Láàárín àwa tí a kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi yẹn, ọ̀gá kì í fi sípánà lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pe orúkọ ọ̀gá tirẹ̀ sókè lójú gbogbo èèyàn, pé, "Lọ́wọ́ lágbájá ni mo ti kọ́ ọ." Ẹni tí kò bá pè é, bí ẹni tó jí iṣẹ́ ni. Nítorí náà, lọ́la, yálà kí orúkọ Baba jáde lẹ́nu mi, tàbí kí iṣẹ́ Mútíátù dàbí ohun tí a jí. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń bá a fà á. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Òkú ni èmi ń bá jà ní tèmi.

Àwọn ọmọ òde òní, tí a bá ní kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé èrò ni wọ́n ń rò. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó wọn wá láti Èkó nígbà náà, tòkunbọ̀, wọ́n á ti so wọ́n pọ̀ bí ìdì igi ìdáná. Inú wọn la ti kọ́kọ́ rí èyí tí òyìnbó ṣe fún gígun orí òkè. Táyà rẹ̀ nípọn, ó sì ní eyín ṣọnṣọ lára. Irin tí a ń dì mú níwájú gbọọrọ bí ọ̀pá, ó lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó gùn ún á tẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Kò ní mọ́dígáàdì, kò ní kárìà. "Olókè" la sọ ọ́. Tí o bá gùn ún lórí títì, táyà á máa hó bí agbo oyin, itan á sì ti máa ro ọ́ kí o tó jáde ní Ọ̀fà.

Nígbà tí Baba rí èyí àkọ́kọ́, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó tutọ́ sílẹ̀.

"Òyìnbó ṣe ẹṣin, wọn ò ṣe gàárì sí i. Níbo ni mo máa gbé iṣu lé lórí èyí?"

Ráfíù ní, "Baba, bóyá wọn kì í jẹ iṣu lórí òkè wọn."

"Ìwọ ni wọn ò bá jẹ. Mú sípánà wá."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹni tó ra olókè fi ń gbé e wá kí Baba sọ ọ́ di kẹ̀kẹ́ títì. Ìyá mi ń ta ẹ̀pà fún èrò ọkọ̀ ojú irin, ibi àtẹ rẹ̀ kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí igi náà. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, abẹ́ igi ni mo máa ń jókòó sí. Òórùn kẹrosín tí wọ́n fi ń fọ ṣéènì, òórùn sólúṣọ̀n tí wọ́n fi ń lẹ túùbù, àti ti ẹ̀pà ìyá mi, inú ihò imú mi ni wọ́n wà di òní. Mo bẹ̀rẹ̀ nípa fífọ ṣéènì. Nígbà tó yá, Baba ní kí n máa fi èékánná ta sípóòkù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n máa tẹ́tí sí i.

"Èyí tó dún gan-an, ó ti le. Èyí tó dún bí ẹni tí oorun ń kùn, ó ti dẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Kí ni èyí ń sọ, Àbẹ̀kẹ́?"

"Oorun ń kùn ún, Baba."

"Jí i."

Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè mí tí kò bá sí àlejò níbẹ̀. Tí oníbàárà bá dé, "ọmọ yẹn" ni mí.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń yọ táyà eléyín kúrò tí a ó fi èyí tó jọ̀lọ̀ sí i. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń wá irin ìdìmú tó tẹ̀ sẹ́yìn lára kẹ̀kẹ́ tó ti kú, tí a ó gbé e ga kí ẹni tó gùn ún lè nàró kó sì rí iwájú. Eyín ṣéènì tó pọ̀ lẹ́yìn bí eyín ọ̀nì, a ó tú u, a ó fi èyí tó bá ọ̀nà Ọ̀fà mu sílẹ̀. A ó tẹ irin kárìà mọ́ kùkùté igi, Lásísì á jó o pọ̀. Bíréèkì ló kẹ́yìn. Tí a bá parí gbogbo rẹ̀, ó di abọ́ omi, èyí tí a fi ń dán kẹ̀kẹ́ wò.

"Omi kì í purọ́," bẹ́ẹ̀ ni Baba máa ń wí. "Oníbàárà lè ní ó dára kí inú mi lè dùn. Omi ò mọ̀ mí rí."

Tí rímù bá wọ́, omi á máa dà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí bíréèkì bá ń já lu èèyàn lójijì, omi á fò síwájú. Ẹ rántí pé òun ló sọ pé omi kì í purọ́.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Tíṣà Dáníẹ́lì gbé olókè tirẹ̀ wá. Ó ń kọ́ni ní Ìjágbó, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀.

"Baba, ẹ bá mi ṣe é kó máa gbé èmi àti ìwé àwọn ọmọ lọ Ìjágbó láràárọ̀. Tí a bá sì gba ọlidé, mo fẹ́ gùn ún lọ sọ́dọ̀ màmá mi ní Òmù-Àrán."

"Òmù-Àrán! Tíṣà, ọkọ̀ ti tán ní gáréèjì ni?"

"Ọkọ̀ ò tán, Baba. Owó oṣù tíṣà ló tán."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ti mú ọwọ́ Baba lọ́dún yẹn, ìka rẹ̀ kò ká sípánà mọ́. Ibà dá Kàsálì dùbúlẹ̀. Ráfíù àti Súńdè kò tíì mọ rímù ún tò kó má wọ́. Nígbà tí Tíṣà ti lọ, Baba wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, máa bọ̀."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Mo pààrọ̀ táyà, mo gbé irin ìdìmú ga, mo fi kárìà síwájú, mo fi òmíràn sẹ́yìn nítorí ọ̀nà jíjìn. Baba jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kẹta, tí mo rò pé mo ti tò rímù ẹ̀yìn tán, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Tú u." Mo tú gbogbo sípóòkù, mo ń sunkún, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ni mo gùn ún lọ sí ojú irin tí ẹ̀kán kan kò dà, ìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí mo ti kẹ̀kẹ́ padà dé òkè, Tíṣà Dáníẹ́lì ti dé. Kàsálì náà ti dìde nílẹ̀ àìsàn, ó wé aṣọ mọ́ra, ó jókòó ti igi. Tíṣà fọwọ́ pa kárìà, ó ta sípóòkù, ó mi orí.

"Baba, ta ló ṣe èyí?"

Ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá. Mo ti ń rẹ́rìn-ín ná.

"Kàsálì ni," Baba wí. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa gba fírídọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ àṣekẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn."

"Ọmọ yìí ńkọ́?"

"Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́pà ni. Omi ló ń bá wa pọn."

Kàsálì tẹrí ba. Èmi ni mo wí.

"Irọ́ ni, Baba."

Gbogbo abẹ́ igi yíjú sí mi. Ráfíù gbé sípánà sílẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Mo ní irọ́ lẹ pa, sà."

Kò lù mí. Ó fà mí sún mọ́ra, ó rọ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fún mi ní àkàrà. "Àbẹ̀kẹ́, obìnrin ni ẹ́. Tí mo bá ní ọwọ́ rẹ ló tò ó, ta ló máa gùn ún dé Òmù-Àrán? Wọ́n á ní Baba ti di ahẹrẹpẹ, ọmọ ẹlẹ́pà ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ilé ọkọ ni wàá lọ, kí lo fẹ́ fi orúkọ ṣe?"

Mo tú rọ́bà, mo gbé abọ́ náà tomi tomi, mo là á mọ́ irin bẹ́ǹṣì. Omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Tánńganran etí abọ́ bó kúrò, dúdú yọ. Ìyá mi sáré dé, ó gbá mi létí lójú Tíṣà.

"O pe àgbàlagbà ní òpùrọ́? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Mo gbé abọ́ náà lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ṣe fírídọ́ọ̀mù Kàsálì. Àwo ìrẹsì ni wọ́n ní kí n máa gbé kiri. Baba pe orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sókè, ó na sípánà sí Kàsálì. Kàsálì wo ibi tí mo dúró sí, ó pẹ́ kó tó gbà á.

Mo fẹ́ Kàsálì nígbẹ̀yìn. Ẹ má bi mí ní ìdí. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òun nìkan ló wá bẹ̀ mí. Ó kú lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá. Kó tó kú, lórí ẹní rẹ̀, ó sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Ó ní lẹ́yìn tí mo gbé abọ́ lọ, àwọn bẹ Baba pé kí ó ra òmíràn. Baba ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Abọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín." Ó ní Baba kò tún fi omi dán kẹ̀kẹ́ wò mọ́ títí ó fi kú.

"Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí lò ń sọ ọ́?"

"Mo rò pé inú rẹ á dùn, Sàrátù."

Inú mi kò dùn. Ó bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti ń rò ó láti ìgbà èwe pé bóyá Baba kò mọ ohun tó ṣe. Ẹni tí kò mọ̀, a lè foríjì í. Ó mọ̀! Ó mọ̀, ó sì sọ òótọ́ rẹ̀ ní kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin lábẹ́ igi, èyí tó sọ lójú Tíṣà ni pé omi ni mò ń pọn. Kàsálì náà pa á mọ́ sínú, ó wá kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó bínú sí i tán. Ta ni mo fẹ́ máa bá fa ọ̀rọ̀ yìí báyìí? Ẹní rẹ̀ ṣì wà ní kíká.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kò sì dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi. Owó ọ̀kadà ti le, àwọn ọmọ ilé ìwé Pólì ń gbé olókè wá lójoojúmọ́. Èyí tó dé lóde òní ní sípíríǹgì níwájú, tó ń jó bí ẹni tí inú ń rìn. A ó yọ ọ́, a ó fi fọ́ọ̀kì irin gbọnrangandan sí i. Mútíátù ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin kan dé, ó wo èmi, ó wo òun.

"Alhaja, àwọn oníṣẹ́ dà?"

"Ẹ̀ ń wò wọ́n, sà," Mútíátù wí, kò gbójú sókè.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé n kò lè bọ́ Baba kúrò lára. Tí mo bá ta sípóòkù, èékánná rẹ̀ ni. Tí Mútíátù bá tò rímù tí kò tò, ẹnu mi á ti sọ pé "Tú u" kí n tó mọ̀. Bí mo bá fẹ́ kó ohun tó fún mi dànù, àfi kí n gé ọwọ́.

Mo ti gbé abọ́ jáde. Ojú ibi tó bó ti dógùn-ún. Lọ́la, Mútíátù á gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojú irin. Lẹ́yìn náà n óò dìde. N óò pe orúkọ ọkùnrin yẹn, tòun ti ti baba rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó máa dé ibi tí igi dóńgóyárò wà tẹ́lẹ̀. N óò sọ ohun tó kọ́ mi. N óò sọ irọ́ tó pa. Tí Áfáà tó máa ṣàdúrà níbẹ̀ bá fẹ́, kó fajú ro. Lẹ́yìn náà n óò ní, "Lọ́wọ́ rẹ̀ ni èmi, Sàrátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́pà, ti kọ́ ọ. Ìwọ Mútíátù, lọ́wọ́ mi lo ti kọ́ ọ."

Òun kò pe tèmi lójú èèyàn rí. N óò pe tirẹ̀. Kì í ṣe pé mo ti dárí jì í. Iṣẹ́ yìí, n kò jí i.