Ọjọ́ Tí Màámi Wá Wo Eré Mi Ní Adó

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ bí bàtà onírọ́bà ṣe ń han lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ara mi á kọ́kọ́ dìde kí ọkàn mi tó rán an létí pé kò sí ibi tí à ń lọ mọ́. Iṣẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ni mo fi ìgbà èwe mi ṣe, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbá mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lókè. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìyìn, gíga mi kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ju kí wọ́n pè mí wá ká ọsàn tí ọ̀pá kò tó lọ. Ọ̀gá eré ìdárayá kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ ní Adó ló kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù náà lé mi lọ́wọ́. Lọ́dún yẹn, mo ti pinnu nínú ara mi pé kí iṣu tuntun tó jáde, Amẹ́ríkà ni wọn yóò ti máa pariwo orúkọ mi. Iṣu tuntun jáde, wọ́n gún un níyán, ní Ìyìn náà ni mo ti bá wọn jẹ ẹ́.

Kì í ṣe pé n kò rí ẹgbẹ́ tó gbà mí. Wọ́n gbà mí, wọn kàn kì í gbà mí pẹ́ ni. Ìlọrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo lọ sí Kánò, mo padà sí Èkó, mo sọdá sí Kùtọnu, mo sì lo sáà kan nílùú àwọn Lárúbáwá kan níbi tí wọn kò ti mọ orúkọ mi pè títí mo fi kúrò. Bí ẹni tó ni ipò bá fi orúnkún ṣèṣe, wọn á ránṣẹ́ pè mí. Bí orúnkún rẹ̀ bá san, wọn á ní mo ṣe dáadáa, kí n máa lọ. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ìjókòó ni mo ti wo púpọ̀ nínú ohun tí mo rí. Nínú eré wa, àwọn márùn-ún ló ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kan. Àwọn yòókù á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì, wọn á máa retí kí ó pè wọ́n. Mo di ọ̀gá nínú ìrètí. Síbẹ̀, ohun kan wà tí mo mọ̀ ọ́n ṣe: bí wọ́n bá fún mi ní bọ́ọ̀lù ní igun pápá, lọ́nà jíjìn, mo lè jù ú kó wọlé wẹ́rẹ́ láì fara kan irin ẹnu apẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí màámi rí i. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, gbogbo ohun tí mo fẹ́ nínú iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

Màámi kò sì lè wá. Ó ń yan gaàrí ní Ìyìn, bàbá mi ti kú tipẹ́, òun nìkan ló tọ́ èmi àti àbúrò mi obìnrin. Bí ó bá ti wọ ọkọ̀ tó kọjá Adó, òòyì á máa kọ́ ọ, yóò sì máa bì. Ìjọ Aládùúrà ló wà, àdúrà ló sì fi ń bá mi rìn. Bí mo bá ti ní ọ̀la la fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó ti gba ààwẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí à ń gbá àti bí a ṣe ń gbá a.

Àbúrò mi, tó ń ṣe olùkọ́ ní Adó, ló fi ọ̀kan nínú eré wa hàn án lórí fóònù nígbà tí mo wà ní Kùtọnu. Ohun tí màámi rí ni àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń sáré kiri nínú ṣòkòtò péńpé, tí òógùn bò wọ́n, tí ẹnì kan ń fọn fèrè mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló rí èmi: mo wọ aṣọ gígùn tó mọ́ tónítóní, mo fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́rùn, mo jókòó sórí àga nítòsí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì.

"Ọkọ mi, mo rí ọ o," ó ní. "Mo rí i pé o ti kúrò láàárín àwọn tí í sáré kiri. Ùjókòó àgbà lo wà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o."

"Má sẹ́ oore Ọlọ́run. Ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé gun orí ìrókò, kò lè rí i. Uṣẹ́ rẹ ti di uṣẹ́ àgbà."

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn débi pé mo panu mọ́. Níbo lèèyàn á ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé àga tí inú rẹ̀ ń dùn sí ni ohun tó ń pa òun lẹ́kún? Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jó wá síwájú ìjọ, ó dúpẹ́ ìgbéga ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá wálé, àwọn ìyá ìjọ á máa pè mí ní ọ̀gá, èmi náà á sì máa dáhùn bí ọ̀gá.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, orúnkún mi ọ̀tún sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu rẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ kan ní Ìlọrin tún gbà mí. Nígbà tí wọ́n pín eré sáà náà, Adó ni wọ́n fi ọ̀kan sí. Láti Ìyìn sí Adó kò tó ohun tí ọkọ̀ yóò fi kọ́ màámi lóòyì. Mo sì mọ̀ pé sáà yẹn ni ìkẹyìn mi. Bí kò bá rí mi lọ́jọ́ náà, kò ní rí mi mọ́. Mo lọ bá kóòṣì, ọkùnrin tí mo fi ọdún díẹ̀ dàgbà jù, mo dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde," ó ní. "Bí eré náà bá fún mi láyè, màá fi yín wọlé. Mi ò lè ṣèlérí."

Màámi wá pẹ̀lú àbúrò mi àti àwọn ìyá ìjọ mélòó kan, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, wọ́n tò sórí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tí àwọn èrò ìwòran ń jókòó sí. Láti orí àga rọ́bà mi ni mo ti ń rí i tó ń nawọ́ sí mi. Àbúrò mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tó ń wí fún wọn ni pé, "Ẹ wo ọmọ mi lọ́hùn-ún, òun ló jókòó ti ọ̀gá wọn." Àbúrò mi ní kì í ṣe ìjókòó ni àwọn wá wò, màámi ní kí ó jẹ́ kí òun gbádùn ọmọ òun. Eré ń lọ, oòrùn ń mú, kóòṣì kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run, èmi tí mo ti pẹ́ tí mo ti fi àdúrà sílẹ̀ fún màámi nìkan.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tiwa rọ́. Kóòṣì wẹ̀yìn, ó pè mí. Mo bọ́ aṣọ gígùn náà sọ sílẹ̀, mo sáré wọlé bí ọmọ tí wọ́n tú sílẹ̀ nílé ìwé. Orúnkún mi kò sọ nǹkan kan. Wọ́n fún mi ní bọ́ọ̀lù ní igun, mo jù ú, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ariwo sọ. Wọ́n tún fún mi, mo tún jù ú, ó tún wọlé. N kò mọ ìgbà tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo gbójú sókè láti wo màámi.

Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ti fa ìborùn rẹ̀ bojú, ó di ọwọ́ àbúrò mi mú lápá kan, ó di ti ìyá ìjọ kan mú lápá kejì, gbogbo àwọn aláṣọ funfun náà sì tẹrí ba pẹ̀lú rẹ̀. Mo rò pé nǹkan ṣe é ni. Bọ́ọ̀lù tún dé ọwọ́ mi, mo jù ú láìwo ibi tó ń lọ, ó gbá irin, ó padà. Kò pẹ́ tí rẹfirí fi fọn fèrè ìparí. Mo lọ jókòó sórí àga mi, mo wọ aṣọ gígùn náà padà, kí n tó lọ bá wọn.

Ẹ̀rín ló fi pàdé mi, omijé sì wà lójú rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ̀rù bà mí," ó ní. "Mo rí i tí wọ́n lé ọ dìde, tí o bọ́ aṣọ, tí wọ́n ní kí o lọ sáré láàárín àwọn ọmọdé. Mo ní kí lo ṣe fún wọn? Ni mo bá ní ká gbàdúrà. Mi ò la ojú títí mo fi gbọ́ fèrè. Ìgbà tí mo sì la ojú, wọ́n ti dá ọ padà sí ùjókòó rẹ."

Àwọn ìyá ìjọ ṣe àmín. Àbúrò mi ń wolẹ̀. Ó ti fà á lọ́wọ́ títí pé, "Màámi, ẹ wò ó, bọ̀ọ̀dá mi ti jù ú wọlé," màámi ní kí ó dákẹ́, kí ó má tú ọwọ́ àdúrà ká. Èmi náà ṣe àmín.

Sáà náà parí, iṣẹ́ náà sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Mo rí iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ní Ìgèdè. Kò pẹ́ tí àìsàn fi dá màámi dúró sí ilé ìwòsàn kan ní Adó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ti ń fún un ní ògì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé ẹnikẹ́ni kò ní lé mi dìde mọ́ láyé. N kò mọ bí ẹnu mi ṣe là. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, pé ìdìde yẹn gan-an ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún, pé ẹni tí wọn kò tíì nílò ni wọ́n ń ní kó jókòó, pé lọ́jọ́ yẹn mo ju bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mejì níṣojú gbogbo Adó. Kò mójú kúrò lára mi títí mo fi parí.

"Gbogbo ọdún tí o fi jókòó yẹn," ó ní, "ṣé ó ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá o, màámi," mo ní. "Kò dùn mí."

Ó mi orí díẹ̀, ó ní kí n fún òun lógì òun. Kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi lọ.

Ìyìn la sin ín sí, ìjọ rẹ̀ sì sọ̀rọ̀ dáadáa nípa àdúrà rẹ̀. Bí mo bá sọ ìtàn yìí fáwọn èèyàn, wọn á ní kí n dúpẹ́, pé àdúrà ìyá ju ìwòran lọ. Mo gbà fún wọn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Wọn kò sọ ti ẹni tó ń gbàdúrà. Nígbà mìíràn, bí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ bá ti relé tán tí pápá dá, ìdáhùn tí mo fún un nílé ìwòsàn máa ń padà wá bá mi, mo sì máa ń tún un ṣe. Ó dùn mí, màámi. Ó dùn mí gan-an, ó sì ń dùn mí di báyìí pé ẹ ò rí mi.