Táyé Tó Wà ní Amẹ́ríkà

Ẹ má bi mí pé kí ló kàn mí. Gbogbo Rye Lane ní Peckham ló mọ̀ pé èmi Ọládọ̀tun ò lè pa ẹnu mi mọ́. Fọ́tò àtijọ́ sì ni mò ń tún ṣe jẹun!

Lọ́sàn-án Sátidé, Alhaja Àsúmáù wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú Nusaybah, ọmọ-ọmọ wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi gbálẹ̀ ọ́fíìsì káàkiri London, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Kẹ́hìndé ni wọ́n. Bí o bá béèrè ìkejì wọn, èsì kan náà ni: "Táyé lọ sí Amẹ́ríkà."

Nusaybah gbé fọ́tò kan kalẹ̀: ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, afárá Brooklyn lẹ́yìn wọn. Ó to àwọn fọ́tò àtijọ́ afárá náà tó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tì í.

"Uncle, ẹ bá mi ṣe é kó tóbi. Tuesday ni flight mi. Mo máa wá Big Mummy Táyé rí. I think wọ́n gbé wọn fún àwọn òyìnbó kan láti tọ́, bí Grandma ṣe gbé Daddy fún òyìnbó tọ́ ní Kent."

"Má lọ," Alhaja wí.

Mo fẹ fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà. Orí aṣọ tí àwọn onífọ́tò máa ń ta sẹ́yìn èèyàn ni wọ́n ya afárá yẹn sí. Mo rí ibi tí aṣọ ti ká kò nílẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì wé báńdéèjì mọ́ ìka kan náà, bọ́tìnnì kan náà ló já. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nílé wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí bàbá ò fẹ́ ère nílé mùsùlùmí, ọ̀dọ̀ onífọ́tò ni wọ́n ń mú ìkejì lọ, kó lè yà á bí ẹni méjì. A kì í sì í ní ìbejì kú. A ó ní ó rìnrìn àjò. Àwọn ará ilé Alhaja wo afárá orí aṣọ, wọ́n ní Amẹ́ríkà ló lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham, níbo ló ti máa mọ̀ ọ́n? Ó gbọ́ Amẹ́ríkà, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà!

Inú bí mi. "Alhaja, ẹ dákun, ṣé ẹ máa wo ọmọ yìí níran kó lọ máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ó máa gbọ́."

"Ta ló máa gbọ́?"

Wọ́n wo ẹ̀yìn. Èmi náà wo ibẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí.

Nusaybah ti rí ìka méjèèjì. "Grandma, níbo ni Big Mummy Táyé wà?"

Alhaja di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó kú. Ní Ìsẹ́yìn. Ibà ló pa á. Táyé kú."

Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, wọn ò sọ ọ́ rí. Wọ́n tún wo ẹ̀yìn, wọn ò rí ẹni tó máa ń wà níbẹ̀ mọ́, àfi bí ẹni tí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ọkọ wọn ti kú láti ọdún mọ́kànlá, àwọn nìkan ló ń gbé fláàtì wọn ní Kennington.

"Nusaybah, wá bá mi sùn lónìí," ni wọ́n wí, omi ń dà lójú wọn. "Mi ò tíì dá sùn rí láyé mi."