Ojú Ewé Tí A Kò Tíì Kà Dé

“Ibí yìí ni kó o kà fún mi.”

Bàbá mi ti ṣí ìwé Yorùbá mi kọjá ibi tí mo ti kà dé. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Lójú títì, àwọn tírélà tó ń lọ sí Àpápá ń fọn fèrè láìsinmi. Báàgì mi ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Tí n kò bá lè kàwé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìsẹ́yìn ni mò ń lọ, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni mí nígbà náà.

Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa dúró lẹ́nu ọ̀nà, òórùn ẹja yíyan lára aṣọ rẹ̀. Ìdí ààrò rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ní Ajégúnlẹ̀, ló ti ń kọ́ mi nírọ̀lẹ́, tó bá ti ra ẹja dé láti Marine Beach. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ka odidi ojú ewé kan geere fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán, ó ní kí n tún un kà. N kò lè ka ọ̀rọ̀ kan.

“O ti há a sórí ni,” ó wí, kò bínú. “Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí lẹ́tà.”

Èéfín ń ta wá lójú, ó ń fi ìka bo ọ̀rọ̀, ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀: ì, ìgbá, ìgbálẹ̀. Bí mo bá dúró, á máa yí ẹja rẹ̀, á máa retí mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ràn án lọ́wọ́ o,” bàbá mi wí fún ìyá àgbà.

“Mi ò ní yanu, ọmọ mi.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ní ìlà kejì, mo kan ọ̀rọ̀ gígùn kan, mo dúró. Bàbá mi mí kanlẹ̀. Màmá mi yíjú sí ògiri. Mo fi ìka bo ọ̀rọ̀ náà, mo ń ṣí i. “Ì... ìfọwọ́... ìfọwọ́so...” Òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú. “Ìfọwọ́sowọ́pọ̀!”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

“Máa kà á lọ,” bàbá mi wí.

Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Ó pa ìwé náà dé, ó wo màmá mi.

“Tú ẹrù rẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ń to ẹja sórí ààrò, ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rù bà mí lánàá. Díẹ̀ ló kù kí n sá lọ.”

Ó ti kú báyìí. Ọmọ tèmi náà ti ń kọ́ ìwé kíkà, tó bá sì dúró lórí ọ̀rọ̀, á máa ṣe mí bíi kí n pè é fún un. Nígbà yẹn, mo rò pé èmi nìkan lẹ̀rù ń bà nínú yàrá yẹn. Mo ti wá mọ bó ṣe ń rí fún àgbà tó fẹ́ràn ọmọ, tó sì gbọ́dọ̀ dákẹ́.