Fódà Olóògbé Tí Wọ́n Ní Kí N Sọ Di Àká Sáfà

Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí fáìlì tí ọwọ́ mi kò pa rẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní wèrè. Ojú mi méjèèjì ló rí i, aago méjì ọ̀sán gangan, oòrùn ń ràn.

Iléeṣẹ́ wa ní Ìkìrun ló ń bá àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Inú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá kan, ni a ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Bọ̀dá Làmídì, ọmọ Inísà, ló tò ó kó tó kú. Fódà tirẹ̀, àpò tó ń kó fáìlì sí nínú sáfà, ló láyè jù níbẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún tí a sin ín, ọ̀gá ní kí n kó ohun tó wà nínú fódà náà dànù, kí n sọ ọ́ di ibi tí sáfà yóò máa kó àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn Òkukù sí.

Mo ní, "Sà, a kì í kó ẹrù olóògbé kí wọ́n tó ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ mẹ́ta mú sùúrù."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé sáfà náà ń kírun ni? Jọ̀ọ́, lọ ṣiṣẹ́ ẹ."

Mo ṣe é. Ẹ̀bi mi kan ṣoṣo nìyẹn. Mo júwe fódà náà fún sáfà, ó gbà á, àkọsílẹ̀ Òkukù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ẹ gbà mí gbọ́, àga ẹ̀gbẹ́ mi dún bí ìgbà tí èèyàn jókòó sí i.

"Ta ló ní kí o kó ẹrù mi?"

Ohùn jẹ́jẹ́ ni. N kò sá. Mo ní, "Bọ̀dá, ọ̀gá ni."

Ni fáìlì Òkukù bá ń pòórá lójú mi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Sáfà ń kọ orúkọ ẹni tó ń pa wọ́n rẹ́ sílẹ̀: Làmídì. Bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ti orúkọ yẹn pa lọ́jọ́ ìsìnkú, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọlé mọ́.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé. Ó rọra ní, "Ọmọ mi, ta lẹ jọ jókòó yẹn?"

N kò bojú wẹ̀gbẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́tà dé: wọ́n ní àìbìkítà mi ló fa gbogbo rẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan nípa àṣẹ ọ̀gá. Ojú ìwé tí orúkọ Làmídì wà nínú rẹ̀, tí mo tẹ̀ jáde láti inú sáfà, ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

Ìwọ tí wọ́n bá gbà sípò mi, má dá jókòó nínú yàrá yẹn o.

Ẹ̀yin aláṣẹ iléeṣẹ́, mo ṣì ń dúró. Bí òkú kò bá lè pa fáìlì rẹ́, tí ìwé sì fi hàn pé èmi kọ́, ta ló pa á rẹ́? Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn lójú gbogbo wa.